Òkúta Inú Ìrẹsì

Ní Ìgbẹmọ, kí àkùkọ kejì tó kọ,
ẹ́ńjìnnì Lísítà bàbá mi ti ń wúkọ́.
Èéfín rẹ̀ á gba orí páànù kọjá,
ìlú á mọ̀ pé Ògúnlúsì ti jí,
oníbàárà á gbé àpò ìrẹsì lérí.

Ẹ má bi mí bóyá ìrẹsì wa dùn.
Ó dùn. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ mọ̀.
Ṣùgbọ́n òkúta wà nínú rẹ̀,
òkúta wẹ́wẹ́ tó jọ ọ́ bí ìbejì,
ilẹ̀ tí a ti ń lù ú ló fi kún un.
Eyín ọ̀kánjúwà ló kọ́kọ́ ń rí i.

Obìnrin mẹ́sàn-án ló ń jókòó lábẹ́ igi káṣú,
atẹ lórí itan, ojú nílẹ̀, ẹnu kò dákẹ́,
wọ́n ń ṣa òkúta, wọ́n ń ṣa ọ̀rọ̀ ìlú mọ́ ọn.
Ojú Ìyá Àlàbá ti ń ṣú, ìka rẹ̀ kò ṣú.
Kóńgò kan, owó kan.
Owó yẹn ló rán Àlàbá dé Ìkẹ́rẹ́
tó fi kọ́ iṣẹ́ olùkọ́.

Ọkùnrin kan ti Adó wá pẹ̀lú ìwé tó ń dán:
ẹ̀rọ tí ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú,
òkúta á gba ọ̀tún lọ, ìrẹsì á gba òsì.
Bàbá mi yí ìwé náà padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀
bí ẹni ń wá ibi tí wọ́n fi irọ́ pamọ́ sí.
Ó ní: "Àwọn tó wà lábẹ́ káṣú ńkọ́?
Òkúta tí ẹ fẹ́ lé lọ yìí,
òun ni wọ́n ń jẹ."
Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín.

Mo rò pé ọgbọ́n ni nígbà náà.
Ní ọjọ́ mìíràn mo ṣì ń rò bẹ́ẹ̀.
Ṣùgbọ́n kí n má purọ́: ẹ̀rù wà níbẹ̀ pẹ̀lú.
Lísítà nìkan ló lè tú palẹ̀, kó sì tún un tò lójú oorun;
ẹ̀rọ tuntun ní bọ́tìnnì,
bọ́tìnnì kì í gbọ́ èébú.

Ibíwùmí, àbúrò rẹ̀, yá owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù,
ó gbé ẹ̀rọ náà kalẹ̀ lójú ọ̀nà Àfàò.
Kò pariwo. Ó kàn ń fi fóònù ya ìrẹsì funfun ní fọ́tò,
owó ń wọlé láti Àkúrẹ́, láti Ìbàdàn,
àpò ń jáde, orúkọ ìlú wa lára wọn.
Oṣù kìíní, oníbàárà méjì ló ṣí lọ.
Oṣù kẹrin, àwọn tó kù ni mò ń kà.

Èyí tó dun bàbá mi jù kọ́ nìyẹn.
Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan ó jáde,
kò bá ẹnì kankan lábẹ́ káṣú,
àfi atẹ mẹ́ta tí wọ́n dojú wọn délẹ̀.
Ìyá Àlàbá ti wà lọ́dọ̀ Ibíwùmí, ó ń rán ẹnu àpò,
òun àti mẹ́ta mìíràn. Àwọn márùn-ún tó kù,
ẹnikẹ́ni kò sọ ibi tí wọ́n lọ fún mi,
èmi náà kò sì béèrè.

Lísítà ti dákẹ́.
Adìyẹ kan ń sàba lẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì rẹ̀.

Lálẹ́ àná Ibíwùmí gbé ìrẹsì wá, ó ń ta sánsán.
Bàbá mi jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀,
eyín rẹ̀ ń rọra sọ̀kalẹ̀ bí ẹsẹ̀ afọ́jú
tó ń wá àtẹ̀gùn tí wọ́n ti wó.
Ó jẹ ẹ́ tán. Ó fi ahọ́n wá gbogbo kọ̀rọ̀ ẹnu.
"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀," ó ní.
Mi ò mọ̀ bóyá ó ń yìn ín.